Ṣé o mọ̀? Oògùn náà ní orúkọ àbísọ

Ṣé o mọ̀ pé oògùn kan náà ni Panadol àti Emzor Paracetamol? Paracetamol ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Panadol jẹ́ orúkọ tí ilé-iṣẹ́ kan fi ń tà á. Yẹ páálí rẹ̀ wò: orúkọ ọjà ni wọ́n kọ gàdàgbà, orúkọ àbísọ wà nísàlẹ̀ wínníwínní, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, bíi 500mg.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ibà. Artemether àti lumefantrine ló wà nínú Coartem, àwọn náà ló wà nínú Lonart. Ẹni tó ti Ìkòyí-Ilé wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ wá Coartem tí kò rí i, kó má padà lọ́wọ́ òfo. Kó bi apoògùn léèrè èyí tí orúkọ àbísọ àti ìwọ̀n rẹ̀ bá èyí tí dókítà kọ mu. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ GSK, tó ń ṣe oògùn apakòkòrò Augmentin, kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, tí owó Augmentin fò sókè, ọ̀pọ̀ ni ìmọ̀ yìí ì bá gbà.

Ibi tó ti léwu nìyí o: ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe lo Panadol, ó tún lo oògùn ọ̀fìnkìn tí paracetamol wà nínú rẹ̀. Ó ti lò ó lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá 4,000mg, ìyẹn hóró 500mg mẹ́jọ, láàárín wákàtí 24. Àpọ̀jù rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Jọ̀ọ́, mú páálí èyí tí ò ń lò dání bó o bá ń lọ ra òmíràn, kó o sì wo nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀.