Àwọn Ère Òkúta Èsìẹ́ àti Ìtàn Ẹnu Tí Ó Rọ̀ Mọ́ Wọn

Ní ọdún 1945 ni a dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní ìpínlẹ̀ Kwara òde òní. Òun ni músíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ère òkúta tí ó lé ní 1,000 ni a kó síbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó sórí àpótí. Àwọn kan gbé idà lé èjìká. Ilà wà lójú púpọ̀ nínú wọn, irun orí wọn sì jẹ́ àwòyanu.

Àwọn kan a máa kọ ọ́ pé H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., ni ó ṣàwárí wọn ní 1933. Ọ̀rọ̀ náà kù díẹ̀ káàtó. Àwọn ará òde ni Ramshaw jẹ́ kí ó gbọ́. Àwọn ará Èsìẹ́ ti ń bọ àwọn ère náà nínú igbó tipẹ́tipẹ́ kí ó tó débẹ̀.

Ìtàn ìlú fi yé wa pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni àwọn ère wọ̀nyí, àlejò tí ó wá sí ìlú tí ó sì di òkúta. Awalẹ̀pìtàn kò ní gba èyí wọlé: ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni ó gbẹ́ wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun tí ìtàn náà kò sọ. Kò sọ pé baba ńlá àwọn ará Èsìẹ́ ni ó gbẹ́ ère. Ì bá rọrùn fún wọn láti sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì gba ògo rẹ̀. Àlejò ni wọ́n pè wọ́n. Èyí sì bá ìtàn ìṣílọ wọn mu, èyí tí ó ní nígbà tí wọ́n ti Ọ̀yọ́ Ilé dé ni wọ́n bá àwọn ère náà níbẹ̀. Lójú tiwa, ẹ̀rí ńlá ni èyí, inú àlọ́ ni ó kàn fara pamọ́ sí.

Òkúta kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ èyí. Bí a bá tọ́jú ère tí ìtàn rẹ̀ bá àwọn àgbà wọlẹ̀, ìdajì ni a tọ́jú. Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀. Awalẹ̀pìtàn lè wọn gígùn ère. Kò lè sọ orúkọ tí àwọn ìyá àgbà Ìgbómìnà yóò pe irun orí rẹ̀ tàbí ilà ojú rẹ̀. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nìyẹn. Àsìkò ọdún ère, tí ìlú ń ṣe lọ́dọọdún, ni ó dára jù láti lọ, kí ó sì mú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dání, nítorí ìgbà náà ni ẹnu àwọn àgbà ń yá.