Ohun Tí Ìdánwò Awakọ̀ Òfuurufú Ológun Ń Wá Lára Ọmọ Wa

Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ wa yìí rí mọ ìró bàálù dunjú. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti apá òkun, òkè Agége ni wọ́n máa ń gbà sọ̀kalẹ̀ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà, olùkọ́ a sì dánu dúró títí ariwo náà yóò fi kọjá. Nínú ìdákẹ́jẹ́ kékeré yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti pinnu ohun tí a fẹ́ fi ayé wa ṣe. Èmi náà wà lára wọn. Mo parí ẹ̀kọ́ mi níbí, mo lọ ṣe ìdánwò láti di ọmọ ogun òfuurufú, mo sì fìdí rẹmi. Iléeṣẹ́ kan ní Àgídìngbì yìí ló gbà mí síṣẹ́ ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí. Ṣùgbọ́n láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni mo ti ń wá jókòó ti àwọn ọmọ SSS tí wọ́n ní irú èrò kan náà lọ́kàn ní ọjọ́ Sátidé. Ohun tí mo rí lára wọn, àti lára àwọn òbí wọn, ni mo fẹ́ kọ sínú ìwé àjọ̀dún yìí.

“Ìwé wo ni kí a rà fún un?” Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi mí ṣáájú ohun gbogbo nìyẹn. Mi ò bá wọn wí, nítorí pé ìwé ni a fi ń borí WAEC, ìwé náà ni a fi ń borí JAMB. Ṣùgbọ́n ìdánwò tí àwọn ológun fi ń mọ ẹni tó yẹ láti wa bàálù, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní aptitude test, kò fi bẹ́ẹ̀ béèrè iye ohun tí ọmọ mọ̀. Bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń wò, nígbà tí àkókò kò sí, tí nǹkan mẹ́ta sì ń ké pè é lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí ọmọ tó ń gba ipò kìíní fi lè ṣubú níbẹ̀, tí ọmọ tó wà ní ipò kẹsàn-án yóò sì yege.

Ogun ló bí ìdánwò náà. Ní 1941 ni àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá jọ lábẹ́ ọ̀gbẹ́ni John Flanagan, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya wá láti kọ́ bàálù wíwà pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì lè kọ́ ọ parí. Epo ń ṣòfò, bàálù ń fọ́, ọmọ ọlọ́mọ ń kú. Wọ́n ṣe àkójọ ìdánwò, wọ́n sì pín àbájáde rẹ̀ sí ipele 1 dé 9. Nínú àwọn tó wà ní ipele 9, nǹkan bí 4 péré nínú 100 ni kò lè parí ẹ̀kọ́ náà. Nínú àwọn ti ipele 1, nǹkan bí 77 ni. Ní 1943 wọ́n tilẹ̀ gba àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 1,000 wọlé láìwo máàkì wọn rárá, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìdánwò náà ń sọ. Òótọ́ ló ń sọ. Irú èyí tí wọ́n ń ṣe káàkiri ayé lónìí, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ìyẹn ni.

Kí ni wọ́n wá ń béèrè? Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó rọrùn. Bàálù kan ń sáré 480 kìlómítà ní wákàtí kan. Kìlómítà mélòó ni yóò rìn ní ìṣẹ́jú 7? Ọmọ tó bá mú bírò láti kọ fọ́múlà ti pẹ́. Ẹni tó ti mọ̀ pé bí a bá pín 480 sí ọ̀nà 60 ó di 8, pé kìlómítà 8 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ti sọ pé 56 kí ẹnì kejì tó dé ìdí bírò. Ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe ní ọjà Ògbà lójoojúmọ́ nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń ṣẹ́ owó fún oníbàárà mẹ́ta pọ̀, kò sì sí ẹni tó fún wọn ní kakulétọ̀. Àwa la gba agbára yìí lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa nígbà tí a fi fóònù lé wọn lọ́wọ́. Òbí tó bá fẹ́ ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kò nílò ìwé kankan fún èyí: kó máa bi í ní ìṣirò nínú ọkọ̀, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí a kò lè sá fún ní ìlú yìí.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti kọ́ńpáàsì. Ọ̀nà tí bàálù ń gbà balẹ̀ ní Ìkẹjà, 18 ni wọ́n kọ sí orí rẹ̀ ní apá kan, wọ́n kọ 36 sí apá kejì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá dorí kọ ọ̀nà 18 ń lọ sí 180 lójú kọ́ńpáàsì, èyí tí í ṣe gúúsù; ẹni tó bá dorí kọ 36 ń lọ sí 360, àríwá nìyẹn. Nínú ìdánwò, wọ́n lè sọ pé o dorí kọ 070, wọ́n ní kí o yí ẹ̀yìn padà pátápátá, níbo lo dorí kọ báyìí? A ó fi 180 kún 070. Ṣùgbọ́n 180 jẹ́ nọ́ńbà tó máa ń di ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí àyà rẹ̀ bá ń já. Nítorí náà ni àwọn awakọ̀ kan ṣe máa ń fi 200 kún un, kí wọ́n tó yọ 20: ó di 270, ó di 250. Bí nọ́ńbà náà bá ti ju 180 lọ, wọn a yọ 200, wọn a sì fi 20 kún èyí tó kù. Ọmọ SSS 1 kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń ṣe é bí ẹni ń jẹ gúgúrú.

Aago tó ń fi ìdúró bàálù hàn ló máa ń da àwọn ọmọ láàmú jù. Ìlà kan wà nínú rẹ̀ tó dúró fún ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀. Nígbà tí bàálù bá tẹ̀ sí ọ̀tún, apá ọ̀tún ìlà náà ni yóò gòkè. Ọmọ a wò ó, a sì fi ìdánilójú sọ pé òsì ni bàálù tẹ̀ sí. Mo ti fi ẹnu ṣàlàyé rẹ̀ títí ó fi sú mi. Níkẹyìn mo ní kí ọmọ kan gbé fóònù mi, kó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí ọ̀tún, kó ya fọ́tò ògiri ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí a wo fọ́tò náà, apá ọ̀tún ògiri ti gòkè. Ọmọ náà pariwo. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tún bi mí ní ìbéèrè lórí rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún ń fi hẹ́ẹ̀dífóònù kún un. Nínú ìdánwò tí wọ́n ń pè ní ASTB, èyí tí àwọn ọmọ ogun ojú omi ibẹ̀ fi ń yan awakọ̀ bàálù, ohùn kan yóò máa ka lẹ́tà àti nọ́ńbà sí etí ọ̀tún, òmíràn sí etí òsì. Wọ́n á ní kí ọmọ dá etí kan ṣoṣo lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ yóò máa fi ọ̀pá lé àmì kan tó ń sá kiri lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa tí ẹ wà lọ́hùn-ún, tí àwọn ọmọ yín jẹ́ ọmọ ìlú níbẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ènìyàn lè ṣe ìdánwò náà ní gbogbo ayé rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a ń lọ fi dán ara wò. Àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Cranwell ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ sí, orí kọ̀ǹpútà ni tiwọn náà. A kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Àgídìngbì. Ohun tí à ń ṣe ni pé ọmọ kan yóò máa ka Sáàmù sókè ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, èkejì yóò máa pe nọ́ńbà ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹni tó jókòó láàárín yóò sì kọ kìkì àwọn nọ́ńbà tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta sílẹ̀. Ẹ̀rín ló máa ń pa wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ̀rín ti dín kù.

Ohun tó pa èmi nígbà tèmi kò sí nínú gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀. Ìbéèrè kan ló dá mi dúró. Mo jókòó tì í bí ẹni tó jẹ mí lówó, mo kọ̀ láti kúrò níbẹ̀ títí ìdajì àkókò fi lọ. Wọ́n ti kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ pé kí a má fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí, ẹ̀kọ́ rere sì ni, òun ló ń bọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀rọ títí di òní. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó bá tẹjú mọ́ aago kan ṣoṣo nígbà tí àwọn yòókù ń kìlọ̀, yóò forí sọ òkè. Fífi ìbéèrè sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 40, kí a sì lọ sí èkejì láìbojúwẹ̀yìn, ni ohun tí mo fi ń yọ àwọn ọmọ yìí lẹ́nu jù lọ, òun náà ló sì máa ń le jù fún àwọn tó mọ̀wé.

Ara wà níbẹ̀ tí kò ṣeé fi ṣe ìdánrawò. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tó fi ọdún méjì múra sílẹ̀, kí a tó mọ̀ pé kò lè ya àwọ̀ pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé. Ìwé alámì róbótó-róbótó tí dókítà ojú ń lò ló tú u fó. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìyẹn gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú nígbà tó ṣì wà ní JSS, kí ọkàn rẹ̀ tó fà sí iṣẹ́ náà jù.

Ní tiwa níhìn-ín, ọ̀nà tó gbajúmọ̀ ni NDA, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ológun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kàdúná ní 1964, ọdún kan náà tí wọ́n dá iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú sílẹ̀. Ọmọ yóò yan NDA gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ nínú JAMB, yóò ṣe ìdánwò tiwọn, àwọn tó bá yege yóò sì lọ sí Kàdúná fún àyẹ̀wò ara, eré sísá àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọjọ́ orí ní ààlà, nítorí náà ẹni tó bá fi ọdún mẹ́ta jókòó sílé lẹ́yìn WAEC lè bá ilẹ̀kùn ní títì. Ẹ sì jẹ́ kó yé yín pé wíwọ NDA kò tíì jẹ́ wíwọ bàálù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá parí ni wọ́n ń mọ àwọn tí yóò fò.

Bàbá kan láàárín wa san owó ńlá fún gbájúẹ̀ kan tó ní òun mọ ọ̀gá tí yóò fi orúkọ ọmọ sínú ìwé. Owó náà lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ọmọ náà kò múra ìdánwò rárá, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ti parí, ọdún tó ṣòfò yẹn ló sì mú kí ọjọ́ orí rẹ̀ kọjá ààlà. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ti kéde lọ́pọ̀ ìgbà pé ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù ìgbanisíṣẹ́ wọn. Ti NDA, orí ìkànnì wọn fúnra wọn ni à ń sanwó sí.

Ó tún kù ohun kan tí àwọn ìyá máa ń bi mí ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn tí bàbá bá ti lọ: ṣé iṣẹ́ yìí kò ní pa ọmọ òun? N kì í purọ́ fún wọn. Títí di 1939, òfin kò gba ènìyàn dúdú láyè láti di ọ̀gá nínú iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Èkó kan, Peter Adéníyì Thomas, àbúrò Stella Thomas tó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ májísíréètì ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ni ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tó gba ipò náà, ní 1942. Ó wa bàálù. Ní oṣù January 1945, nígbà tí ogun ku oṣù díẹ̀ kó parí, ó kú nínú ìjàm̀bá bàálù. Tolúlọpẹ́ Arótilé, ọmọ Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogí, wọ NDA ní 2012, ó jáde ní 2017, ó sì gba ìyẹ́ awakọ̀ ní oṣù October 2019 gẹ́gẹ́ bí obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò wa hẹlikọ́pítà ogun ní Nàìjíríà. Ọjọ́ kan náà ni Káfáyátù Sànní gba tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa bàálù ìjà. Arótilé fò lójú ogun sí àwọn agbébọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù July 2020, ọkọ̀ ilẹ̀ ló gbá a ní Kàdúná. Ọmọ ọdún 24 ni. Ọdún méje ló fi múra sílẹ̀, kò sì lo ọdún kan tán lórí ìyẹ́ rẹ̀. Ìyá tó bá gbọ́ gbogbo èyí tó sì ṣì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo máa ń dìde kí i.

Yàrá físíìsì ni a ti ń pàdé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ dé aago mọ́kànlá. Aago ìdíwọ̀n àkókò méjì ni a ní, ọ̀kan ti bàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́jáde tó bá ní ọ̀pá ìdarí géèmù tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò lò mọ́, kó fi í ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ mẹ́rìnlá ló wà nínú ìwé orúkọ wa ní sáà yìí, márùn-ún nínú wọn jẹ́ obìnrin.