Ṣé o mọ̀? Igi tó ń mì bí omi lára ìbọn

Ní Pennsylvania, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn tó ṣí wá láti Jámánì kì í fi igi lásán ṣe ìdí ìbọn. Igi maple tí iṣan inú rẹ̀ lọ́ kọ́lọkọ̀lọ ni wọ́n fẹ́ràn, ìbáà ṣe fún ìbọn gígùn tàbí ìbọn ìléwọ́. Yí i síbí, ìlà ara rẹ̀ á sá. Yí i sọ́hùn-ún, á padà. Kì í ṣe ọ̀dà, ìmọ́lẹ̀ ló ń bá iṣan igi náà ṣeré.

Àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú rẹ̀ ńkọ́? Ásíìdì ni o! Wọ́n á yọ́ irin sínú ásíìdì náítíríkì, wọ́n á fi kun igi, wọ́n á sì gbé irin gbígbóná sún mọ́ ọn títí igi funfun yóò fi pọ́n.

Ṣùgbọ́n ibi tí sùúrù ti ń tán ni mímú kí irin ìbọn wọ inú igi rẹ́gí. Oníṣẹ́ á fi dúdú èéfín àtùpà pa irin, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, á gbé e kúrò, á wá ha kìkì ibi tó bá dúdú. Á tún tẹ̀ ẹ́, á tún ha á, léraléra. Ewu mìíràn tún wà: ọrùn ìbọn tẹ̀ níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú. Bí iṣan igi kò bá bá ìtẹ̀ náà lọ, yóò ṣẹ́.

Bí a bá yin ìbọn náà, òkúta tó wà lára rẹ̀ á gbá irin, iná á sì ta sínú ẹ̀tù. Òkúta yìí kò ṣàjèjì sáwọn ọdẹ wa: irú rẹ̀ ló wà lára ṣakabùlà àtijọ́.