Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: Ìrìn-àjò Adé Coker, ọmọ Èkó tó gbá bọ́ọ̀lù fún Amẹ́ríkà

Ní àdúgbò Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ní Sùúrùlérè, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, àwọn ọmọdé a gbé òkúta méjì sọ́tùn-ún, méjì sósì, wọn a sì máa gbá bọ́ọ̀lù lójú títì. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lálàá ìlú Òyìnbó. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwọn tó mọ̀ pé ọmọ Èkó kan ti rin ìrìn-àjò náà ṣáájú kí bàbá wọn tó gbọ́njú. Adé Coker lorúkọ rẹ̀.

Ọdún 1954 ni wọ́n bí Coker sí Èkó. Ó ṣì kéré nígbà tó dé London, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù West Ham ti mú un. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó kọ́kọ́ bá wọn gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì, lóṣù Kẹwàá ọdún 1971, pẹ̀lú Crystal Palace. Kò pẹ́ rárá tó fi gbá góòlù wọlé.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 1972, òun, Clyde Best àti Clive Charles jọ wọ aṣọ West Ham pàdé Tottenham. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹgbẹ́ kan ní ìpele tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa lo aláwọ̀ dúdú mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà náà, èébú ni ọ̀pọ̀ òǹwòran fi ń pàdé aláwọ̀ dúdú lórí pápá. West Ham ló borí, góòlù méjì sí òdo.

Síbẹ̀, ọ̀nà náà kò rọgbọ. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 10 péré ni Coker gbá fún West Ham, ó gbá góòlù mẹ́ta wọlé. Wọ́n yá a fún Lincoln City, kò sì rí àyè níbẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ì bá ti ní orí òun ló gbàbọ̀dè.

Amẹ́ríkà ni Coker kọjá sí. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Boston Minutemen, Minnesota Kicks àti San Diego Sockers, nínú líìgì kan náà tí Pelé ti gbá bọ́ọ̀lù fún New York Cosmos. Ní Minnesota lọ́dún 1977, èrò tó ń wá wòran wọn a máa lé ní 30,000.

Lọ́dún 1984, lẹ́ni 30 ọdún, ó wọ aṣọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún ló gbá, góòlù mẹ́ta ló gbá wọlé. Kò wọ aṣọ Nàìjíríà rí. Nígbà tí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1986 dé ní Mẹ́síkò, àti ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i, àti ilẹ̀ tó gbà á, kò sí èyí tó rí i lọ.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún òbí àti ọmọ. Wíwọ ẹgbẹ́ ńlá kọ́ ni òpin ìrìn, bẹ́ẹ̀ ni yíyọ ènìyàn kúrò níbẹ̀ kì í ṣe òpin ayé. Ilé tí kò ráyè gba ọmọ lónìí, òmíràn lè ṣílẹ̀kùn fún un lọ́la. Kí ó ṣáà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú.