Ohun Tó Di Kòtò Mú Lára Mọ́tò

Láti ìgbà tí àjọ̀dún Ojúde Ọba ọdún 2025 ti kọjá, tí ó bọ́ sí ọjọ́ 8 oṣù Òkúdu, ẹ̀sùn kan náà ni àwọn ọmọ Alárè ń fi ránṣẹ́ sí mi láti Ìjẹ̀bú-Òde: wọ́n sáré gbé mọ́tò tó tẹ̀ lọ sọ́dọ̀ pánẹ̀bítà kí ó lè dán gbinrin nígbà tí regberegbe wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, bá ń yọ lọ́jọ́ náà, ó sì dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí òjò ọdún náà tó dá, ọ̀dà ara ilẹ̀kùn ti wú, ó sì ń já bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Èmi kò ní í jókòó máa ṣàlàyé òòlù fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, tí ó sì ṣókùnkùn sí àwọn ọ̀gá kan pàápàá, ni ohun tó di kòtò náà mú. Páànù ara mọ́tò kì í sábà nípọn tó mìlímítà 1. Bí nǹkan bá gbá a, àárín kòtò, bó ti wù kó fẹ̀ tó, kì í sábà bàjẹ́ púpọ̀. Etí rẹ̀, níbi tí páànù ti ṣẹ́ po tó sì yọ gọngọ, ni ọ̀ràn wà, nítorí irin ibẹ̀ ti le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, òun ni kò sì jẹ́ kí àárín padà sáyè rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí Ògún Lákáayé fi iṣẹ́ yìí jíǹkí yóò gbé irin ìtìlẹ́yìn sábẹ́ kòtò, yóò máa rọra lu etí náà látòde, láti ibi tó tẹ̀ kẹ́yìn lọ síbi tó kọ́kọ́ tẹ̀. Bí etí bá ti ń rọlẹ̀, kòtò a máa dìde. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá fi agbára gbá àárín láti inú, ṣe ló ń mú kí irin fẹ̀, irin tó bá sì ti fẹ̀ kò rí àyè wọ̀ sí mọ́. Yóò máa yọ síhìn-ín, yóò máa wọnú lọ́hùn-ún, kó-kò, kó-kò, bí ìdí agolo tí ọmọdé ń fi ìka tẹ̀: egbìnrìn ọ̀tẹ̀, bí a ti ń pa ọ̀kan ni ọ̀kan ń rú.

Bí etí kòtò kò bá mú, tí ọ̀dà kò là, tí ọwọ́ sì tó ẹ̀yìn rẹ̀, títì ni kí wọ́n tì í jáde, kò béèrè ọ̀dà tuntun. Bí etí bá mú, lílù ni. Bí irin bá ya, tàbí tí ó ti dípẹtà, ẹ lọ wá ilẹ̀kùn tòkunbọ̀.

Ǹ bá sọ bí a ti ń fi iná àti omi mú irin tó fẹ̀ súnkì, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀bàyéjẹ́ kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Wọn kò lu etí, wọn kò lu àárín. Pọ́tì ni wọ́n ń rọ́ kún kòtò, tí wọ́n ń fi sáńpépà ha á, tí wọ́n sì ń fi ọ̀dà bo àṣírí. Pọ́tì kò burú bí kò bá ju mìlímítà 3 lọ lórí irin tí a ti lù tán, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun òkúta wà nínú rẹ̀, a sì máa fa omi. Bí omi bá ti dé ara irin, ìpẹtà yóò gbé gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbé mọ́tò lọ nígbà tí ọdún ku ọ̀túnla, tí ẹ ń ná an bí ẹni ná gàrí, ẹ̀yin náà lẹ ń kọ́ wọn.

Ẹ wí fún oníṣẹ́ pé ẹ ó rí irin níhòòhò kí pọ́tì tó kàn án. Ẹ rí i pé ó tú orí bátìrì kí ó tó jó irin kankan. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé òòfà, kí ẹ gbé e sára ilẹ̀kùn tí wọ́n tún ṣe àti èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn. Èyí tí kò bá fà á bí èkejì, pọ́tì ló kún un. Bọ́ńpà oníke kì í fa òòfà rárá, bẹ́ẹ̀ ni bọ́nẹ́ẹ̀tì alumíníọ̀mù. Ẹ má torí ìyẹn bá ẹni ẹlẹ́ni jà. Kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ẹ má san owó tán.