Ṣé o mọ̀? Òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kì í rún, títẹ̀ ló ń tẹ̀

Fa ẹyọ kan yọ nínú ìgbálẹ̀. Gbé e nàró lórí tábìlì, kí o fi ìka tẹ orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò ní rún. Àárín rẹ̀ ni yóò yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí yóò tẹ̀ bí ọrun. Wàyí o, ṣẹ́ ẹ kù bí oríkèé ìka kan, kí o tún tẹ̀ ẹ́. Ìka rẹ ni yóò kọ́kọ́ ké gbàjarè! Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan náà ni o.

Ṣé o mọ̀ pé láti 1744 ni Leonhard Euler, ọmọ Switzerland, ti gbé ìṣirò títẹ̀ yìí jáde? Sọ gíga òpó tẹ́ẹ́rẹ́ di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ẹrù àtẹ̀yìnwá ti tó láti tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n fi igi dè é dáadáa láàárín, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí káfíńtà tó mọṣẹ́ fi ń kan pákó mọ́ agbedeméjì àwọn ọparun tó gbé dẹ́kìn. Ẹni tó fò ó nítorí owó ìṣó, kì í ṣe owó ló ń ṣọ́.

Ṣé o mọ̀ pé igi mọ ibi tó rọ òun lọ́rùn? Bó ti wù kí o yí pákó 2 × 4 tó, ìhà tó tín-ín-rín ni yóò gbà tẹ̀. Iye igi kan náà ló wà nínú 2 × 8 àti 4 × 4, síbẹ̀ bí gíga wọn bá dọ́gba, ẹrù ìlọ́po mẹ́rin ni 4 × 4 yóò rù kó tó tẹ̀.

Igi a sì máa rẹ̀. Nínú Eurocode 5, ìlànà ìkọ́lé onígi ti Yúróòpù, ìdá 60 nínú 100 agbára igi gbígbẹ ni wọ́n ń kà fún ẹrù tí kò ní kúrò lórí rẹ̀ láé.

Òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ láàárín 1910 sí 1914 wà ní Chicago lónìí: ọba jókòó, olorì dúró gàgàrà lẹ́yìn rẹ̀. Gíga òpó náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 152.5, kò tó ìlọ́po márùn-ún fífẹ̀ rẹ̀. Irú èyí kò mọ títẹ̀. Kó rún nìkan ni wàhálà tirẹ̀.

Bí o bá tún gba ẹ̀gbẹ́ ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da dẹ́kìn rẹ̀ kọjá, má ka iye ọparun nìkan. Wo àárín wọn.