Bí A Ṣe Ń Fọ Kabúrétọ̀ Sikútà Àtijọ́ Tó Ti Dí

Ní Kamina àti káàkiri Atakpamé ní Togo, kò ṣòro láti rí sikútà tó ti fara ti ògiri láti ìgbà òjò tó kọjá. Ẹni tó ni ín á ní ẹ́ńjìnnì ti kú. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ́ńjìnnì ò kú rárá: ihò kan tí abẹ́rẹ́ ìránṣọ ò lè gbà kọjá ló dí. Ẹ lè ṣí ihò náà fúnra yín ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí ẹ bá ní sùúrù, tí ẹ sì mọ ohun tí ẹ ń wá.

Inú kabúrétọ̀ ni ihò yẹn wà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì Togo ń pè ní carburateur. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Epo tó ṣì ń ṣàn bí omi kì í jó dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì. Ó ní láti di ìkùukùu, kó dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n bíi kílò afẹ́fẹ́ 15 sí kílò epo kan, kí iná púlọ́ọ̀gì tó lè ràn án bó ṣe yẹ. Bí epo bá pọ̀ jù, èéfín dúdú lẹ ó máa rí, púlọ́ọ̀gì á sì rin fún epo. Bí epo bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì á máa wúkọ́ bí ẹni ikọ́ ń ṣe, á gbóná kọjá ààlà, á sì kú.

Ṣé ẹ rántí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín oògùn ẹ̀fọn nílé tẹ́lẹ̀, èyí tó ní ọ̀pá tí à ń tì lẹ́yìn àti agolo oògùn níwájú? Bí ẹ bá ti ọ̀pá náà, atẹ́gùn á sáré kọjá lẹ́nu ihò tín-ín-rín kan tó ti inú agolo jáde, oògùn á gòkè wá fúnra rẹ̀, á sì di ìkùukùu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kabúrétọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì ló ń fa afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ náà ń gba ọ̀fun kabúrétọ̀ kọjá, ọ̀fun yìí sì fún láàárín. Níbi tó ti fún, afẹ́fẹ́ á túbọ̀ sáré, agbára tó fi ń tẹ nǹkan á dín kù, epo tó wà nísàlẹ̀ á wá gòkè bọ́ sínú rẹ̀.

Nísàlẹ̀ ọ̀fun ni abọ́ epo wà. Ohun kan ń léfòó nínú abọ́ náà, ike tàbí idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní afẹ́fẹ́ nínú. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ìléfòó. Bí epo ṣe ń kún ni ìléfòó ń gòkè, tó ń ti abẹ́rẹ́ kúkúrú kan mọ́ ẹnu ọ̀nà tí epo ń gbà wọlé, títí ọ̀nà á fi sé. Bí epo bá lọ sílẹ̀, abẹ́rẹ́ á sọ̀ kalẹ̀, epo á tún wọlé. Ìdọ̀tí tó bá há sídìí abẹ́rẹ́ yìí kò ní jẹ́ kí ọ̀nà sé mọ́. Ìgbà yẹn lẹ ó rí epo tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ sikútà, tí gbogbo ilé á sì máa rùn.

Inú abọ́ yìí ni jẹ́ẹ̀tì ti ń mu epo. Jẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní gicleur ní Togo, jẹ́ ìdè idẹ kékeré tí wọ́n lu ihò sí láàárín. Méjì ló sábà máa ń wà. Jẹ́ẹ̀tì kékeré ló ń bọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tí sikútà bá dúró jẹ́ẹ́, tí ẹ ò fún un níná. Jẹ́ẹ̀tì ńlá ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń sáré. Lára jẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ Dell'Orto ṣe, irú èyí tó wà nínú Vespa, ẹ ó rí nọ́ńbà tó ń sọ bí ihò ṣe fẹ̀ tó ní ìdá ọgọ́rùn-ún milimítà: 100 jẹ́ milimítà kan gééré. Ti jẹ́ẹ̀tì kékeré kì í ju nǹkan bí ìdajì milimítà lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé òun ló máa ń kọ́kọ́ dí.

Ohun ìkẹyìn tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni irin roboto tó ń lọ sókè sódò nínú ọ̀fun. Ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ni màá máa pè é. Bí ẹ bá yí ọwọ́ iná, wáyà á fà á sókè, afẹ́fẹ́ púpọ̀ á wọlé, abẹ́rẹ́ gígùn tó so mọ́ ọn á sì gòkè kí epo lè pọ̀ sí i.

Ní báyìí tí ẹ ti mọ̀ wọ́n, sikútà fúnra rẹ̀ á sọ ibi tó ń dùn ún. Bí ó bá ń sáré dáadáa lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n tó ń kú ní kété tí ẹ bá dúró kí ẹnì kan kọjá, jẹ́ẹ̀tì kékeré ni. Bí ó bá dúró jẹ́ẹ́ láìkú, àmọ́ tó ń fà sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá yí ọwọ́ iná débi tó máa dé, ẹ wo jẹ́ẹ̀tì ńlá. Bí ó bá jẹ́ pé àfi kí ẹ fa ṣóòkì, ohun tó ń mú kí epo pọ̀ sí i nígbà tí ẹ bá ń tan ẹ́ńjìnnì, kó tó lè ṣiṣẹ́, epo ò tó o, ó sì ṣeé ṣe kí jẹ́ẹ̀tì méjèèjì ti dí díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé epo wà nínú táǹkì, pé púlọ́ọ̀gì ń tanná, àti pé asẹ́ afẹ́fẹ́ ò kún fún eruku ọyẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ kabúrétọ̀ ni wọ́n ti tú lórí asẹ́ tó dọ̀tí lásán.

Kí ló ń dí kabúrétọ̀? Epo fúnra rẹ̀ ni olórí ọ̀ràn. Bí epo bá jókòó pẹ́ nínú abọ́, apá tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ á fẹ́ lọ, èyí tó kù á di oje tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á lẹ̀ mọ́ ihò, á sì gan. Ti sikútà tó ń lo epo pẹ̀lú ọ́ìlì pọ̀ tún burú jù, nítorí ọ́ìlì kì í fẹ́ lọ. Oṣù méjì tàbí mẹ́ta tí sikútà bá dúró lójú kan ti tó fún irú èyí.

Omi ni ìkejì. Omi wúwo ju epo lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ abọ́ gan-an ló máa ń jókòó sí, níbi tí jẹ́ẹ̀tì ti ń mu. Ẹ wo bí à ń ṣe ra epo: yàtọ̀ sí ilé epo, ìgò àti kẹ́ẹ̀gì ń bẹ lẹ́bàá ọ̀nà, èyí tí wọ́n ń pè ní boudè ní Togo, tí àwọn ará Benin ń pè ní kpayo. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti Nàìjíríà gba Benin wọlé, láti inú dúrọ́ọ̀mù bọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, láti inú kẹ́ẹ̀gì bọ́ sínú ìgò, tí eruku àti omi sì ń bá a rìn. Nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, iye rẹ̀ gòkè, àmọ́ ìgò ò kúrò lẹ́bàá ọ̀nà. Mi ò ní ní kí ẹ má rà á, torí ẹni tó ń lọ sóko láàárọ̀ ò ní máa wá ilé epo kiri. Kí ẹ ṣáà ti fi aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́nu fọ́nẹ́ẹ̀lì, kẹ́ ẹ sì má da ìsàlẹ̀ ìgò sínú táǹkì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú u. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, ní ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù. Oru epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló ń rá gbà, ó sì lè rìn débi ìkòkò èédú tí ẹnì kan fi ń dáná lọ́hùn-ún. Nítorí náà kò gbọdọ̀ sí iná, kò gbọdọ̀ sí sìgá. Ẹ má sì fi ẹnu fa epo láti inú rọ́bà. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ẹ wá abọ́ irin kan, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, àti sukurudiráfà tí imú rẹ̀ bá ojú ìdè mu rẹ́gí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì. Idẹ rọ̀, sukurudiráfà tó kéré jù á ba ojú jẹ́ẹ̀tì jẹ́, kò sì ní ṣeé tú mọ́.

Ẹ ti ẹnu epo tó wà lábẹ́ táǹkì pa, ẹ yọ rọ́bà epo, ẹ tú ìdérí òkè kí ẹ lè fa ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ jáde pẹ̀lú wáyà rẹ̀. Ẹ wo ìhà tí ibi tí wọ́n gé lára ìlẹ̀kùn náà kọjú sí. Ọ̀dọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń wò, bẹ́ẹ̀ náà ló sì gbọ́dọ̀ padà. Bí ẹ bá ní fóònù, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tú nọ́ọ̀tì tó mú kabúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fi àkísà mímọ́ dí ẹnu ẹ́ńjìnnì kí nǹkan má bàa jábọ́ síbẹ̀. Ti Vespa, inú àpótí irin lábẹ́ ìgbá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló wà, ìléfòó rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe nísàlẹ̀. Iṣẹ́ yòókù ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ ṣí abọ́ epo, kẹ́ ẹ dà á sínú àwo funfun. Ẹ má sáré dà á nù. Bí ẹ bá rí ìlẹ̀kẹ̀ omi tó ń yí kiri nísàlẹ̀, tàbí lẹ́búlẹ́bú pupa tó jẹ́ ìpẹtà, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀ràn ti wá. Ẹ fa irin tín-ín-rín tó di ìléfòó mú jáde, ẹ yọ òun àti abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹ mi ìléfòó létí yín: bí nǹkan bá ń ró nínú rẹ̀, ó ti jò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi èékánná tọ́ imú abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá kan ojú ìlà tó ti jẹ wọlé yíká rẹ̀, ẹ ra òmíràn.

Ìdè kékeré kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kabúrétọ̀ tó ń díwọ̀n ìpòpọ̀ epo òun afẹ́fẹ́. Ẹ má kàn tú u. Ẹ kọ́kọ́ yí i wọlé jẹ́jẹ́ títí yóò fi kan ìdí, kí ẹ máa ka iye ìyípo, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá tú u jáde. Iye yẹn ni ẹ ó dá a padà sí. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ìyípo kan ààbọ̀ dára láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá tú jẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè sí ojú ọ̀run, ẹ fi ojú kan wò ó. Jẹ́ẹ̀tì tó mọ́ á fi ìmọ́lẹ̀ roboto hàn yín, tó mú ṣáṣá. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá rí bí oṣù tó ṣẹ́kù díẹ̀ kó kún, tàbí tí ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ ti bá ọ̀tá pàdé. Ẹ rẹ wọ́n sínú epo tó mọ́, tàbí sínú oògùn ìfọ-kabúrétọ̀ bí ẹ bá rí i rà, kó pẹ́ níbẹ̀. Oje tó ti gan kò ní yọ́ lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ má rẹ ìléfòó àti rọ́bà mọ́ ọn, oògùn náà ń jẹ wọ́n.

Lẹ́yìn rírẹ, afẹ́fẹ́ ló kàn. Ẹ gbé jẹ́ẹ̀tì àti ara kabúrétọ̀ lọ bá fokanáísà tó wà nítòsí, kó fi afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ fẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan láti ìhà méjèèjì, pàápàá àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú ara kabúrétọ̀ tí ojú ò lè rí. Ẹ dijú tàbí kí ẹ wọ awò. Bí ó bá ṣì dí, okùn ìpẹja onírọ́bà tàbí ẹyọ wáyà bàbà kan láti inú okùn iná mànàmáná ló yẹ kí ẹ fi gún un. Ẹ má lo wáyà irin, ẹ má lo abẹ́rẹ́. Ẹni tó ń fi wáyà irin gún jẹ́ẹ̀tì rò pé òun ń tún un ṣe ni. Irin á fẹ ihò idẹ lójú, epo á máa wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì sí bí wọ́n ṣe ń dá ihò padà.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti mọ́, ẹ dá wọn padà bí ẹ ṣe tú wọn. Kí jẹ́ẹ̀tì kàn mú ni, ẹ má fún un bíi nọ́ọ̀tì táyà. Ẹ yí ọwọ́ iná, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀: ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ṣubú padà pẹ̀lú ariwo kékeré. Bí kò bá ṣubú, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì o, sikútà á sá lọ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ da epo tútù sí táǹkì. Fún Vespa tí à ń po ọ́ìlì rẹ̀ lọ́wọ́, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni, ìyẹn mililítà 100 ọ́ìlì sínú lítà epo 5. Ẹ ṣí ẹnu epo, ẹ dúró díẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn náà ẹ fa ṣóòkì, kẹ́ ẹ tan án.

Nígbà míràn tí ẹ bá mọ̀ pé sikútà máa dúró ju oṣù kan lọ, ẹ ti ẹnu epo pa nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ó mu epo inú abọ́ tán, kó sì kú fúnra rẹ̀. Ẹ ra asẹ́ epo kékeré tí wọ́n ń fi sáàárín rọ́bà, kò wọ́n. Bí kabúrétọ̀ bá sì tún dí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má wulẹ̀ tún un fọ̀. Inú táǹkì ni ìdọ̀tí ti ń wá. Ẹ tú táǹkì náà, kẹ́ ẹ fọ ìpẹtà inú rẹ̀ dànù.